Bí Ará Òṣogbo Ṣe Lè Gbá Gọ́ọ̀fù ní Pápá Ìlú Nínú Aṣálẹ̀ Tó Tẹ́jú

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí ọmọ yín ń gbé ní Phoenix, ní ìpínlẹ̀ Arizona lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń pè yín pé kí ẹ wá lo oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ àwọn, ẹ má jókòó sínú ilé kí ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n títí tí ẹ ó fi padà. Ẹ lọ gbá gọ́ọ̀fù. Mo mọ̀ pé nílé wa níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé eré olówó ni, pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yọjú sí pápá. Ní Phoenix, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló ni àwọn pápá kan, gbogbo ènìyàn ló sì wà fún. Ẹni tó bá ti san owó ọjọ́ náà ti wọlé nìyẹn. Wọn kì í béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n. Papago, tí wọ́n ṣí ní 1963, jẹ́ ti ìlú. Encanto, tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ìgboro pẹ̀lú ọ̀pẹ rẹpẹtẹ, jẹ́ ti ìlú. Cave Creek náà jẹ́ ti ìlú, orí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da pàǹtírí sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é sí.

Sọ̀fíọ̀ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Ilẹ̀ ni mo wọ̀n jẹun, láti Òkè-Fìà títí dé ẹ̀yìn Ìkirun, kí n tó kọ́ gọ́ọ̀fù ní pápá MicCom tó wà ní Ada, tí kò jìnnà sí wa. Ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ló mú mi mọ aṣálẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo ti rí àwọn àgbàlagbà wa tó mọ gọ́ọ̀fù gbá dáadáa nílé, tí wọ́n dé ibẹ̀ tí bọ́ọ̀lù wọn kò sì dé ibi tí wọ́n rán an. Ọwọ́ wọn kò bàjẹ́. Ojú wọn ni ilẹ̀ títẹ́jú yẹn ń tàn. Òùngbẹ náà ń tan ni níbẹ̀: omi á máa tán lára yín, ẹ kò ní mọ̀. Nítorí náà, ẹyọ kan ni gbogbo ìmọ̀ràn mi. Ẹ máa wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn ilẹ̀, ẹ wọn omi, ẹ wọn àkókò. Ẹ má fojú díwọ̀n ohunkóhun.

Láti ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nígbà ọyẹ́

Ìgbà ọyẹ́ ni Òṣogbo fi ń jọ aṣálẹ̀ jù lọ. Láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, ilẹ̀ pápá ilé ìwé á gan, koríko á jó, eruku á gba ibẹ̀ kan. Ẹ lọ sí irú pápá bẹ́ẹ̀ ní àárọ̀ Sátidé tí àwọn ọmọ kò sí níbẹ̀, kí ẹ ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀pá áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ọ̀pá olórí irin, gbá bọ́ọ̀lù láti orí ilẹ̀ tí kò ní koríko rárá. Bí ẹ bá kan ilẹ̀ kí ẹ tó kan bọ́ọ̀lù, ọ̀pá á ta padà, ọwọ́ yín á sì jẹ yín. Kò sí olùkọ́ tó lè sọ òótọ́ fún yín bí ilẹ̀ líle ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, kó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù sún díẹ̀ sí ìhà ẹsẹ̀ ọ̀tún, kó fi ìwúwo ara sí ẹsẹ̀ òsì, kí ojú ọ̀pá lè kọ́kọ́ pàdé bọ́ọ̀lù. Ìyẹn nìkan, bí ó bá mọ́ yín lára, ti tó ìdajì ìmúrasílẹ̀.

Ìdajì kejì ni kí ẹ mọ bí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù yín lọ jìnnà tó. Ẹ ra tééèpù gígùn tàbí kí ẹ yá a lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà. Pápá bọ́ọ̀lù afẹsẹ̀gbá tó péye gùn tó mítà 105, nǹkan bí yáàdì 115, ṣùgbọ́n ti ilé ìwé máa ń kúrú sí i, nítorí náà ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Yáàdì ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò lórí pápá gọ́ọ̀fù, yáàdì kan sì jẹ́ mítà 0.914. Ẹ kọ́ ẹsẹ̀ yín láti máa tẹ ìgbésẹ̀ tó jẹ́ yáàdì kan: ẹ na tééèpù sílẹ̀, ẹ rìn ín lọ rìn ín bọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá pẹ̀lú ọ̀pá kan, kí ẹ yọ èyí tó lọ jìnnà jù àti èyí tó kúrú jù, kí ẹ sì kọ ibi tí àwọn yòókù kọ́kọ́ bọ́ sí. Mo ní ibi tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí, kì í ṣe ibi tí wọ́n yí dé. Ọ̀rọ̀ yíyí ń bọ̀ níwájú.

Àwọn kan máa ń sọ pé bọ́ọ̀lù á fò ju ti ilé lọ nítorí pé Phoenix ga. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣogbo wà ní nǹkan bí mítà 320 lókè ojú òkun, Phoenix wà ní nǹkan bí 330. Ọgbọọgba ni wọ́n. Òmíràn á ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń mú un fò. Afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin gan-an ló fúyẹ́ díẹ̀ ju èyí tó gbẹ lọ. Ooru ló ń ṣe ìrànlọ́wọ́, torí afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í ki, kì í sì í di bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ púpọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò sì ju yáàdì díẹ̀ lọ. Nítorí náà, ìwé tí ẹ kọ ní Òṣogbo ṣì wúlò níbẹ̀. Ẹ mú un dání.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹrin ni ojú ọjọ́ dára jù. Ìgbà náà ni gbogbo ayé ń rọ́ wá, owó pápá á sì gun òkè. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, owó á wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ mọ ìdí rẹ̀: ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1990, ooru Phoenix dé dígírì 50 lórí ìwọ̀n Celsius, ní 2023 sì ni ooru ti ju 43 lọ fún ọjọ́ 31 léra wọn láìsinmi. Ẹni tó bá fẹ́ gbá nínú irú àkókò bẹ́ẹ̀, kó wà lórí ihò àkọ́kọ́ kí oòrùn tó yọ tán, kó sì ti parí kí aago mẹ́wàá tó lù. Ihò mẹ́sàn-án ti tó. Kò sí òfin tó ní dandan kí ẹ gbá 18.

Arizona kì í yí aago rẹ̀ padà bí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù ṣe ń ṣe, Nàìjíríà náà kì í yí i. Wákàtí mẹ́jọ ni a fi ṣáájú wọn ní gbogbo ọdún. Bí ẹ bá ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀ lọ́hùn-ún, aago méjì ọ̀sán ló lù ní Òṣogbo. Èyí wúlò fún ẹni tó bá fẹ́ bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé lórí fóònù, kó ṣe é kó tó dé pápá, torí pé wọn kì í fẹ́ kí a máa pariwo fóònù lórí gíríìnì, ojú koríko kúkurú tí ihò wà.

Ẹ ṣọ́ra fún oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá. Koríko bermuda ni wọ́n fi ń gba ooru kọjá, ṣùgbọ́n bí òtútù bá ń bọ̀, á sùn, á sì di àwọ̀ ewé gbígbẹ. Wọ́n á wá gbin koríko ryegrass lé e lórí kó lè jẹ́ pé tútù ni pápá á máa wà títí òtútù á fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Bí wọ́n bá ń gbìn ín, wọ́n sábà máa ń ti pápá fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, bí wọ́n bá sì ṣí i, kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù kò gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì rẹ̀ fún ìgbà kan. Kí ọmọ yín bá yín béèrè kí ẹ tó san owó. Kó bá yín béèrè iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ìlú náà, àti iye tí wọ́n ń gbà nírọ̀lẹ́; ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá dá lọ, wọ́n lè fi yín kún àwọn mẹ́ta mìíràn tí ẹ kò mọ̀ rí. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ kí wọn, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ bọ́ sójú pápá. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ yín ni pé kí ẹ má fi àkókò ṣòfò: bí ó bá kàn yín, kí ọ̀pá ti wà lọ́wọ́.

Bí ojú ṣe ń tan ni, àti bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà.

Nílé, ẹ kì í mọ̀ pé ojú yín ń ṣe ìṣirò. Ẹ rí ọ̀pẹ kan lẹ́yìn gíríìnì ní Ada. Ọpọlọ yín ti mọ bí ọ̀pẹ ṣe ń ga tó, ó sì ti fi gíga rẹ̀ sọ jíjìn fún yín kí ẹ tó fa ọ̀pá yọ nínú àpò. Ẹ rí òkè, ẹ rí ilé, ẹ rí ènìyàn tó gbé igbá sórí tó ń kọjá. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ojú fi ń wọn ilẹ̀. Nínú aṣálẹ̀ tó tẹ́jú, wọn kò sí. Ohun tó dúró níbẹ̀ ni saguaro, igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ní ewé. Òmíràn kò ju orúnkún lọ, òmíràn ga ju mítà 12 lọ, ó sì lè lo ọdún tó ju 50 lọ kó tó yọ ẹ̀ka. Èyí tó kéré tó wà nítòsí àti èyí tó tóbi tó wà lọ́nà jíjìn lè rí bákan náà lójú àlejò.

Afẹ́fẹ́ tún dá kún un. Ní Òṣogbo, ohun tó bá jìnnà máa ń ṣú díẹ̀. Ọ̀rinrin tàbí ọyẹ́ á bò ó, ojú á sì mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ní Phoenix, ní ọjọ́ tí eruku kò bá jà, òkè tó wà ní ẹ̀yìn odi ìlú á yọ kedere bí ẹni pé ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àsíá tí wọ́n fi sàmì sí ihò náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Á dà bí ẹni pé ó wà nítòsí, ẹ ó sì mú ọ̀pá tí kò ní gbé bọ́ọ̀lù débẹ̀.

Ìdí kẹta ni èyí tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Ẹni tó dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ kò ga ju mítà kan àti ààbọ̀ àti díẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ilẹ̀ tó wà ní yáàdì 100 àti èyí tó wà ní yáàdì 150 kò tó ìdajì dígírì kan. Gbogbo ilẹ̀ náà á ká jọ lójú. Bọ́ńkà tí wọ́n fi yanrìn kún, tó wà ní ogójì yáàdì ṣáájú gíríìnì, á dà bí ẹni pé ó lẹ̀ mọ́ gíríìnì. Àwọn tó ń ya àwòrán pápá mọ èyí dáadáa, wọ́n sì ń lò ó láti fi dẹ́rù ba ni.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn àmì tí pápá fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ pápá níbẹ̀, àmì pupa ń sọ yáàdì 100, funfun ń sọ 150, búlúù ń sọ 200, láti ibẹ̀ dé àárín gíríìnì. Ẹ tún wo ilẹ̀ lójú fẹ́wéè, ìyẹn ọ̀nà koríko gígé tó lọ sí gíríìnì, kí ẹ wá ibi tí ẹnu ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko wà. Wọ́n sábà máa ń kọ nọ́ńbà sí ideri rẹ̀. Ẹ dúró lórí èyí tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù yín jù, kí ẹ fi ìgbésẹ̀ yáàdì kan tí ẹ kọ́ nílé rìn dé ìdí bọ́ọ̀lù, kí ẹ fi kún un tàbí kí ẹ yọ ọ́. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ awojíjìn tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ọ̀nà, òfin gọ́ọ̀fù ti gbà á láyè láti 2019, àyàfi bí àwọn tó ń darí ìdíje bá kà á léèwọ̀. Ẹni tí kò bá ní in, kó ṣe ohun tí a ń ṣe kí ẹ̀rọ ìgbàlódé tó dé. Òpó àsíá sábà máa ń ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Ẹ mú rúlà kékeré kan, ẹ so okùn mọ́ ọn, kí ẹ gbé okùn náà kọ́ ọrùn, kó jẹ́ pé bí okùn bá nà tán, rúlà wà ní sẹ̀ǹtímítà 60 sí ojú yín. Ẹ di ojú kan. Ẹ wo iye tí òpó àsíá gbà lórí rúlà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ó bá gba mílímítà 14, ẹ wà ní yáàdì 100. Bí ó bá gba 9 àti díẹ̀, 150 ni. Bí ó bá gba 7, 200 ni. Ìṣirò rẹ̀ kò ju pé kí ẹ pín 1,400 pẹ̀lú iye mílímítà tí ẹ rí. Lẹ́yìn 200, ìyàtọ̀ mílímítà ti kéré jù fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, ẹ má fọkàn tán an. Eré ìfẹ́ ni kí ẹ fi í ṣe. Nínú ìdíje, ẹ béèrè ná.

Bí nọ́ńbà bá ti jáde, ẹ gbà á. Èyí ló le jù fún àwọn àgbà. Ojú á máa sọ pé 130 ni, rúlà á ní 155, ọkàn á fẹ́ pín in sí méjì. Ẹ má pín in. Ẹ mú ọ̀pá tí ìwé yín láti Òṣogbo sọ pé ó ń gbé 155, kí ẹ sì gbá a pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Kí ẹ tó gbá a, ẹ wo afẹ́fẹ́. Lórí ilẹ̀ tí kò ní igi, kò sí ohun tó ń dá a dúró. Àsíá ihò yín nìkan kò tó. Ẹ wo ti ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú, ẹ sì wo eruku tó wà lẹ́yìn gíríìnì, ibi tó ń lọ.

Bọ́ọ̀lù tó ń yí, bọ́ọ̀lù tó bọ́ sínú ẹ̀gún

Òjò Phoenix kì í sábà ju 200 mílímítà lọ lọ́dún. Ti Òṣogbo ju 1,000 lọ. Koríko tí ẹ rí níbẹ̀, omi odò Salt, Verde àti Colorado ló gbé e dúró, ti Colorado sì gba ọ̀nà omi tó gùn ju kìlómítà 500 lọ kó tó dé. Nítorí èyí ni òfin ìpínlẹ̀ náà fi fi éékà 90 ṣe òdiwọ̀n koríko fún pápá tuntun onihò 18 ní agbègbè Phoenix. Lórí àwọn pápá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn òfin yìí, ibi tí koríko bá parí sí, aṣálẹ̀ pọ́ńbélé ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Inú mi dùn sí òfin yẹn gan-an. Ẹni tó bá mọ iye omi tó ní ló lè mọ iye ilẹ̀ tó yẹ kó fi ṣeré.

Lábẹ́ koríko náà, ilẹ̀ le. Ìpele kan wà tí wọ́n ń pè ní caliche, tí ẹfun inú ilẹ̀ so pọ̀ títí tó fi le koko. Ẹni tó bá ti fi dígà gbẹ́ yangí rí, kò ní yà á lẹ́nu. Nítorí náà, bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sójú fẹ́wéè kò ní dúró. Á fò, á yí, á tún yí. Bí gíríìnì bá ní àyè níwájú, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀ ní yáàdì 10 tàbí 15 ṣáájú rẹ̀, kó sáré wọlé fúnra rẹ̀. Nítòsí gíríìnì, ẹ fi wẹ́jì tó ń gbé bọ́ọ̀lù sókè sínú àpò. Áyọ́ọ̀nù 7, tí a fi pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ ta bọ́ọ̀lù nílẹ̀, dára ju un lọ. Pọ́tà, ọ̀pá tí a fi ń ta bọ́ọ̀lù sínú ihò, gan-an dára láti ìta gíríìnì bí koríko bá kúrú.

Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sínú aṣálẹ̀, ẹ yí káàdì tí ẹ ń kọ iye sí padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Láti 2019, òfin ti fún àwọn alábòójútó láyè láti sàmì sí aṣálẹ̀ bí ibi ìjìyà. Bí òpó pupa bá wà níbẹ̀, ẹ lè fi ẹyọ kan kún iye ìgbà tí ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ìwọ̀n orúnkún, láàárín gígùn ọ̀pá méjì sí ibi tó ti wọlé, láìsún mọ́ ihò sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni ẹ ní láti fi wá bọ́ọ̀lù. Èmi kì í lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bọ́ọ̀lù kan kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ọwọ́ wá lábẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún.

Ejò kan wà níbẹ̀ tí ìparí ìrù rẹ̀ ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ dúró, ẹ wo ibi tó wà, ẹ fi ẹ̀yìn rìn kúrò. Òfin gọ́ọ̀fù mọ̀ nípa rẹ̀: bí ejò olóró tàbí oyin bá wà nítòsí bọ́ọ̀lù, ẹ lè gbé bọ́ọ̀lù kúrò lọ síbi tí kò séwu, láìsan ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ẹ gbá a bẹ́ẹ̀ tàbí kí ẹ san ẹyọ kan. Ẹ lè fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọwọ́ yín kí ẹ̀gún má bàa gún yín. Ẹ kò gbọdọ̀ fi táwẹ́ẹ̀lì náà bo igi. Èyí tí wọ́n ń pè ní cholla ló burú jù, ẹyọ rẹ̀ á kàn lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ni. Ẹ má fi ọwọ́ fà á. Òòyà ni kí ẹ kì bọ ìdí rẹ̀, kí ẹ fi ta á dànù. Ẹ mú ọ̀kan sínú àpò yín. Saguaro ní tirẹ̀, òfin Arizona ń dáàbò bò ó; ẹ má fi ọ̀pá lù ú.

Omi

Ní Òṣogbo, bí ooru bá mú wa, aṣọ á tutù, a ó sì mọ̀ pé a ti làágùn. Níbẹ̀, òógùn ń gbẹ ní kété tó bá ti yọ sójú ara. Aṣọ á gbẹ, ara á dà bíi pé kò ṣe nǹkan kan, omi á sì ti tán. Nítorí náà, ẹ má dúró de òùngbẹ. Ẹ mu ife kan, nǹkan bí mílílítà 250, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún sí ara wọn. Fún wákàtí mẹ́rin, lítà mẹ́ta kò pọ̀. Ẹ pò ORS mọ́ ìgò kan nínú rẹ̀, torí iyọ̀ ń bá òógùn lọ. Bí pátákó bá wà ní àwọ̀ àlùkò lẹ́bàá omi tàbí páìpù, omi tí wọ́n ti lò tí wọ́n tún ṣe ni, ti koríko ni. Ẹ má mu ún, ẹ má sì fi itọ́ nu bọ́ọ̀lù lórí irú pápá bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá irú èyí tó ń mú ni tọ̀, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ. Mo bẹ̀ yín. Oògùn náà àti aṣálẹ̀ ló ń fa omi yín pọ̀. Bí orí bá ń fọ́ yín, tí òòyì ń kọ́ yín, tí èébì ń gbé yín, ihò wo ni ẹ wà kò jẹ́ nǹkan kan mọ́: ẹ wọ abẹ́ ibòòji, ẹ fi omi tútù sí ọrùn àti abíyá, ẹ pe ẹni tó wà nítòsí. Bí ọ̀rọ̀ ẹnì kan bá ti ń dàrú, 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì wọn, ni kí ẹ pè.

Ẹ wọ fìlà tó ní etí gbòòrò, àti aṣọ tó mọ́lẹ̀, tó ní kọ́là, tó sì bo apá. Awọ dúdú náà ń jó, ẹ fi ìpara oòrùn pa ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́. Fún ètè àti gìgísẹ̀, ẹ mú òrí láti ilé; kò sí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ tó tó o. Kí ẹ sáà nu ọwọ́ kí ẹ tó di ọ̀pá mú.

Láti àárín oṣù Kẹfà dé ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìjì máa ń dé lójijì nírọ̀lẹ́. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ̀yin tí ẹ di ọ̀pá irin mú lẹ ga jù. Bí ààrá bá sán tàbí tí fèrè pápá bá dún, ẹ wọlé, ẹ má padà títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á fi kọjá lẹ́yìn èyí tó dún kẹ́yìn. Bí ògiri eruku bá bá yín lójú títì, kí ọmọ yín yà kúrò lọ́nà pátápátá, kó pa iná mọ́tò, kó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, kí ẹ dúró.

Fún ẹni tí kò ní rìnrìn àjò

Ní Coober Pedy, ìlú kan nínú aṣálẹ̀ Ọsirélíà, pápá onihò 18 wà tí kò ní koríko rárá lójú fẹ́wéè. Ẹni tó ń gbá níbẹ̀ á mú ègé kápẹ́ẹ̀tì koríko kékeré dání, á gbé bọ́ọ̀lù lé e, á gbá a, á ká a, á máa lọ. Yanrìn tí wọ́n fi epo pò ni wọ́n fi ṣe gíríìnì wọn. Àwọn àgbà agbágọ́ọ̀fù wa náà mọ irú rẹ̀, bíráùnù ni wọ́n ń pè é.

Ohun tí mo fẹ́ rí ní Òṣogbo kí n tó kú nìyí, lórí ilẹ̀ gbangba tí ọmọ kádì tó ń ru àpò ọ̀pá àti ọmọ dókítà lè jọ dúró sí. Ẹ lè fi ẹyọ kan bẹ̀rẹ̀ lórí pápá tó gbẹ. Ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ kan èèkàn sí àárín, ẹ so okùn mítà mẹ́fà mọ́ ọn, ẹ fi yí i ká láti ya òbìrí. Ẹ ro koríko inú rẹ̀, ẹ fi omi wọ́n ọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí á fi le. Ẹ jọ yanrìn, ẹ dà á sí i ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ má da epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé àtijọ́. Kànga àwọn ará àdúgbò àti odò Ọ̀ṣun ni yóò gbà á. Omi díẹ̀ láàárọ̀ ti tó láti mú yanrìn dúró fún wákàtí mélòó kan. Ẹ ri agolo mílíìkì ńlá mọ́ àárín fún ihò, ẹ ki òpó tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 bọ̀ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó ta bọ́ọ̀lù, ẹ fa páìpù gígùn kọjá lórí yanrìn láti ìdí bọ́ọ̀lù dé ihò, kí ojú ọ̀nà lè tẹ́. Ẹni tó bá sì gbá tán ni kó fa gbogbo rẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù wá kò gbọ́dọ̀ kọjú sí ilé tàbí títì, bí àwọn ọmọ bá sì wà nítòsí, bọ́ọ̀lù oníke tó ní ihò lára ni kí ẹ lò.